Ọjọ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Fẹ̀yìn Màmá Tsona Tì

Bí ẹ bá dé Parvomay tí ẹ béèrè èèyàn tó le jù nílùú, kì í ṣe àgọ́ ọlọ́pàá ni wọn máa júwe fún yín. Ilé-iṣẹ́ ata inú ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ni wọn máa júwe, yàrá kẹta lápá òsì, níbi tí Zhivka Topalova ti ń ti fèrèsé pa nínú ooru oṣù kẹjọ. Ó gbà tọkàntọkàn pé afẹ́fẹ́ tó bá gba fèrèsé wọlé tó gba ẹnu ọ̀nà jáde ló ń pa ọmọ èèyàn, pé ńṣe ni àwọn dókítà kàn ń fi àrùn ọkàn bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Ó kúrú, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bírò òun.

Iṣẹ́ rẹ̀ ṣòroó ṣàlàyé fún ará ilé. Ní ilé-iṣẹ́ yẹn, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìwé. Bí oníbàárà bá kọ̀wé pé òun bá òkúta nínú ata òun, lẹ́tà náà á máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ fúnra rẹ̀: ètò kan á kà á, òmíràn á wá ọjọ́ tí wọ́n se ata náà, òmíràn á kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, òmíràn á ní kí wọ́n fi ìgò tuntun ránṣẹ́. Àwọn ètò kéékèèké yìí ni wọ́n ń pè ní ọgbọ́n. Ọgbọ́n kan, iṣẹ́ kan, ẹni tó bá sì nílò rẹ̀ á yá a lò. Wọ́n lé ní igba. Zhivka ló ń sọ wọ́n lórúkọ nígbà tí wọ́n bá dé, òun ló ń dán wọn wò, òun ló ń kọ ẹ̀dà kìíní, ẹ̀dà kejì sí ìdí orúkọ wọn bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ọjọ́ tí wọn kò bá sì wúlò mọ́, òun náà ló ń fẹ̀yìn wọn tì.

Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ náà o. Kí Zhivka tó gba ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọgbọ́n náà, ọgbọ́n mẹ́ta ló ń ka ọjọ́ oṣù fún wọn, ọ̀kan nínú wọn sì gbà pé oṣù mẹ́tàlá ló wà nínú ọdún. Òmíràn ń kí àwọn ìgò ata kú ọjọ́ ìbí. Ọdún méjì gbáko ló fi ń kí wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀, àfi ìgbà tí ìgò kan tí wọ́n dá padà láti Varna gba káàdì olódòdó.

Zhivka ló wá ṣe òfin. Ọgbọ́n tó bá lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìsẹ́ni tó lò ó, kó múra àtilọ. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta, nígbà tí olúkúlùkù ń so martenitsa, òwú pupa òun funfun, mọ́ ọrùn ọwọ́, Zhivka á so tirẹ̀, á sì fi àmì pupa òun funfun sí ìdí orúkọ ọgbọ́n tí ọjọ́ rẹ̀ pé. Lórí iye ọjọ́ tí àmì náà máa lò, ìjà ni wọ́n kọ́kọ́ ń jà. Ẹnì kan ní ọjọ́ mẹ́wàá, ẹnì kan ní ọgbọ̀n. Zhivka lu tábìlì.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, kí la ń ṣe sí òwú ọwọ́ wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀? Títí a ó fi rí àkọ̀! Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àkọ̀, kó wá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Tí oṣù bá sì parí tí kò sẹ́ni tó rí i, ọgbọ́n náà rù ú là di ọdún tó ń bọ̀."

Ọ̀gá àgbà ìgbà náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tọwọ́ bọ̀wé. Bí ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ṣe wọnú òfin ilé-iṣẹ́ nìyẹn. Ìbéèrè méjì péré ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà: níbo lo ti rí i? Ṣé ó ń fò ni àbí ó dúró? Gbogbo wa la mọ ìdí ìbéèrè kejì. Ẹni tí àkọ̀ tó kọ́kọ́ rí lọ́dún bá ń fò, ara rẹ̀ á yá gágá títí ọdún á fi parí. Ẹni tí tirẹ̀ bá dúró, ọ̀lẹ ni yóò yà.

Òfin náà kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, Zhivka náà kò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ bi Dobri. Dobri ni ẹni tó ń to àwọn ọgbọ́n pọ̀ di iṣẹ́, ọkùnrin ńlá kan tó fẹ́ràn oúnjẹ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ó ṣe ọgbọ́n kan tó máa ń ra banitsa gbígbóná, búrẹ́dì oníwàràkàṣì, fún gbogbo wọn láràárọ̀ Jímọ̀. Ọdún tó kọjá, obìnrin tó ń ta banitsa ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Gíríìsì. Nígbà tó di ọjọ́ kọkàndínláàádọ́rùn-ún, ẹ̀rù ba Dobri, ó bá ní kí ọgbọ́n náà lọ ra banitsa ní ṣọ́ọ̀bù tó ti pa, kó lè dà bíi pé wọ́n lò ó. Zhivka fagi lé e.

"Ìpè tó bá so èso ni ìpè," ló wí. "Banitsa dà?"

Ó kọ gbólóhùn yẹn sínú òfin, ó tún fi kún un pé òun olùtọ́jú ìwé gan-an kò gbọdọ̀ pe ọgbọ́n kankan láti fi gbà á là. Wọ́n fẹ̀yìn banitsa tì. Ọjọ́ kejì, obìnrin náà dé láti Gíríìsì. Títí di òní, bí Jímọ̀ bá dé, ojú tí Dobri fi ń wo Zhivka kì í ṣe ojú rere.

Ohun tó dun Dobri jù kì í tilẹ̀ ṣe banitsa. Lẹ́tà ìdágbére ni. Bí wọ́n bá fẹ̀yìn ọgbọ́n tì, kọ̀ǹpútà á fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ti lò ó rí. Èyí tó dé ọwọ́ Dobri ní: "Dobri, ọmọ mi, banitsa ti tán. Kò burú. Mo gbọ́ pé ìgbànú rẹ ti dé ihò tó kẹ́yìn. Máa mu ọbẹ̀ olómi." Dobri gbà pé Zhivka ló jókòó kọ ọ́ láti fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Kò bi í, kò sì gbàgbé.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ Màmá Tsona.

Màmá Tsona ni ìyá ọkọ Zhivka, ó ti kú láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Nígbà tí Zhivka wà ní iléèwé ní Sofia gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tuntun, ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí màmá yìí má kọ̀wé sí i, lẹ́tà ọ̀tàlénígba ó dín díẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ni àṣẹ: wọ ìbọ̀sẹ̀, má jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kọjá, ata tí o sè nígbà tó o wálé kò jiná. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ní kí wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà ní lẹ́tà kíkọ, tí kò sì sí àwòkọ́ṣe, Zhivka kó lẹ́tà Màmá Tsona sínú rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi kún un, torí pé lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ni, oníbàárà sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ: "Ìwọ ló jàre." Ó wá a nínú gbogbo lẹ́tà yẹn, kò rí i. Màmá Tsona kò sọ ọ́ fún un rí láyé, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n kìíní nínú ìwé ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé orúkọ rẹ̀ ń jẹ́, ṣùgbọ́n lọ́kàn Zhivka, Màmá Tsona ni. Oníbàárà tó bá bínú pé ìdérí ìgò òun bàjẹ́ á gba èsì pé, "Ọmọ mi, ìwọ ló jàre. Ìgò mìíràn ń bọ̀. Ṣé o ti jẹun? Ohùn rẹ inú lẹ́tà yẹn dà bíi ti ẹni tí kò jẹun." Àwọn èèyàn ń kọ èsì padà. Ọkùnrin kan ní Ruse fi fọ́tò ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́.

Ìgbà tí Ognyan di ọ̀gá lọ́dún tó kọjá ni nǹkan yí padà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó kàwé ní òkèèrè, ó máa ń wọ kóòtù funfun lórí ìbọ̀sẹ̀ pupa. Ó mú ọgbọ́n tuntun dé tó ń jẹ́ Ẹ̀bẹ̀. Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀ kì í ju ìlà méjì lọ: "A tọrọ àforíjì. Nọ́ńbà ẹ̀sùn yín nìyí." Àwọn oníbàárà ń béèrè pé ìyá àgbà yẹn ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le? Ẹ̀bẹ̀ fún àwọn náà ní nọ́ńbà. Kò sẹ́ni tó pe Màmá Tsona mọ́. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ pé, ó sì lé dáadáa.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún yìí, Zhivka jókòó síwájú ìwé rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ó lè fò ó. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n òun ni Zhivka. Ó fi àmì pupa òun funfun sí ìdí ọgbọ́n kìíní. Ó dùn ún wọra, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: ohùn obìnrin kan tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bá a wí ló kù nílẹ̀ yẹn, kò sì síbòmíràn tó ti lè gbọ́ ọ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Dobri ti dé ẹnu ọ̀nà kí ojúmọ́ tó mọ́ tán.

"Àǹtí Zhivka, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí àmì kan. Àbí ojú mi ni?"

"Ojú rẹ ò ṣe nǹkan kan. Ti ilẹ̀kùn yẹn, afẹ́fẹ́ ń wọlé."

"Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó!" Dobri rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ti ra awò tó ń fi ọ̀nà jíjìn hàn. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ rí àkọ̀ lọ́dún yìí, tí Ọlọ́run bá fẹ́."

"Máa wo òkè lọ. Ihò tó wà níwájú ilé ìdáná ò tíì dí."

Gbogbo ilé-iṣẹ́ ló mọ̀ pé àkọ̀ ní ìtẹ́ lórí ògbólógbòó ilé èéfín wọn, pé ó máa ń dé kí oṣù tó parí. Zhivka bá dé fìlà ọkọ rẹ̀ wálẹ̀ títí kan imú. Kò ní purọ́ pé òun kò rí àkọ̀, nítorí náà kò gbọdọ̀ rí i. Bàtà àwọn èèyàn ló fi ń dá wọn mọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó kí òpó iná lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì béèrè ara ìyàwó lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn.

Àkọ̀ dé lọ́jọ́ kejìdínlógún. Dobri gbé awò sójú, inú rẹ̀ dùn dé góńgó, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ẹyẹ náà dúró. Ẹsẹ̀ kan ló fi dúró, ó fi ìkejì pamọ́ sábẹ́ ìyẹ́. Báwo ni Dobri, tí wọ́n ti ń fi ọ̀lẹ bú tẹ́lẹ̀, ṣe máa tọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tí gbogbo ilé-iṣẹ́ máa kà pé ó dúró? Ó pàtẹ́wọ́. Ó súfèé. Ó lọ gbé ìdérí ìkòkò méjì ní ilé ìdáná, ó ń gbá wọn mọ́ra wọn lábẹ́ ilé èéfín. Àkọ̀ wò ó nílẹ̀, ó pààrọ̀ ẹsẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fò lójú ẹnikẹ́ni. Ọgọ́ta èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gbogbo wọn ló rí i, ẹnikẹ́ni kò sì rí i. Ognyan náà rí i. Ó fẹ́ kí ìwé mọ́ kí oṣù tó parí, ṣùgbọ́n ọ̀gá wo ló fẹ́ kí orúkọ òun wà nílẹ̀ pé ọ̀lẹ ni lọ́dún yìí? Ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó ta aṣọ fèrèsé.

Dobri ronú títí. Lẹ́yìn náà ló rántí olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọgbọ́n ni òun náà, kámẹ́rà ló ń wò, òun ló ń kọ orúkọ ẹni tó bá wọlé. Nítorí pé òṣìṣẹ́ nìkan ló láṣẹ láti ṣí géètì, Zhivka fúnra rẹ̀ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí òṣìṣẹ́, ó ní nọ́ńbà bí gbogbo wọn. Òṣìṣẹ́ sì lè ròyìn àkọ̀. Bí wọ́n bá wá pe kámẹ́rà lọ́lẹ, kí ló kàn án? Dobri kọ́ ọ ní bí àkọ̀ ṣe ń rí, ó sì gbé ẹ̀dà tuntun náà wá bá Zhivka fún ìdánwò.

Zhivka mọ ohun tó wà fún. "Àkọ̀ ni o kọ́ ọ?"

"Ààbò ilé-iṣẹ́ ni, Àǹtí Zhivka. Ẹyẹ ti pọ̀ jù."

"Iwájú mi lo wà tó o ń purọ́, Dobri, mo sì jù ọ́ lọ."

"Ẹ dán an wò bí òfin ṣe wí. Ṣé òfin ò wí bẹ́ẹ̀ ni?"

Ó fi ogún àwòrán síwájú rẹ̀. Ọgbọ́n náà mọ àkọ̀, ó mọ pẹ́pẹ́yẹ, ó mọ ẹyẹlé. Nígbà tó kan fọ́tò Ognyan nínú kóòtù funfun àti ìbọ̀sẹ̀ pupa, ó kọ ọ́ pé: "Àkọ̀. Ó dúró."

"Kò yege!" ni Zhivka wí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ojú tì í. Dobri gbé e lọ, ó tún un ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan, ó gbé e padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ Ognyan ní Ognyan. Ìdánwò ogún, ogún ló gbà. Òfin ní kí ó gbà á wọlé. Zhivka gbà á wọlé, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó sì nu ún fún àkókò tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó ku ọjọ́ kan péré kí oṣù parí, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, àkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí ilé èéfín, ó rìn gba iwájú géètì lọ bí ẹni tó wá béèrè iṣẹ́. Olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ ọ́ sílẹ̀: "Àlejò kan. Aṣọ funfun, ìbọ̀sẹ̀ pupa, kò ní káàdì. Àkọ̀. Ó dúró." Dobri ké ní yàrá kejì bí ẹni tí wọ́n gba góòlù wọlé fún.

Iṣẹ́ ìfẹ̀yìntì bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn ìgbésẹ̀ rẹ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà Zhivka. Ìkìíní: àkọ̀ ti dé, àkókò ti pé. Ìkejì: kọ lẹ́tà ìdágbére. Ìkẹta: yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà ìkẹyìn pé kò sẹ́ni tó lò ó láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, kó o sì pa á. Zhivka kò lè wò ó mọ́, ó bojú. Dobri àti Ognyan ti dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ni lẹ́tà bá dé sórí kọ̀ǹpútà gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti Ognyan ni: "Ọ̀gá kékeré, ìbọ̀sẹ̀ rẹ dára, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́. Ìyá rẹ ń retí ìpè rẹ." Ognyan wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ti Dobri ni: "Dobri, ọmọ mi, mò ń lọ. Ìgbànú ńkọ́?"

Dobri kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Àǹtí Zhivka... ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ èyí. Ẹ kò fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Èmi ké? Màmá Tsona ni. Òun ló ń kọ gbogbo ìdágbére. Nígbà tí a to iṣẹ́ yẹn pọ̀, kí ìwọ tó dé ibí, ṣé akọ̀wé mìíràn wà ni?"

"Tó jẹ́ pé láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń bínú sí òkú!"

"Ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀," ni Zhivka dáhùn.

Ojú kọ̀ǹpútà wá dá dúró. Ìgbésẹ̀ kẹta ti yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó rí ló kọ síbẹ̀: "Wọ́n ti lo ọgbọ́n yìí, ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn. Ìfẹ̀yìntì kò ṣeé ṣe. Ẹ yọ àmì, ó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀."

Ognyan ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Àmọ́ nítorí pé wọ́n ń fẹ̀yìn rẹ̀ tì ni wọ́n ṣe lò ó. Ìyẹn kì í ṣe lílò gidi."

Zhivka fúnra rẹ̀ fẹ́ gbà pẹ̀lú rẹ̀, torí òfin lòfin. Dobri ló na ìka sókè, ojú rẹ̀ ń dán bí ìgbà tí banitsa bá dé.

"Ìpè tó bá so èso ni ìpè! Ọ̀rọ̀ ẹnu àǹtí ni, ó wà nínú ìwé. Lẹ́tà mélòó ló jáde? Igba ó lé mọ́kànlá, pẹ̀lú tàwọn oníbàárà tó ti kọ̀wé sí i rí. Ìyẹn kì í ṣèso ni?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Lọ́dún tó ń bọ̀ náà, ibi tí yóò já sí nìyí. Ẹ ò lè fẹ̀yìn obìnrin yẹn tì títí ayé, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá kọ̀ láti kọ lẹ́tà."

"A lè fi Ẹ̀bẹ̀ rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀," ni Ognyan wí. Ó tún wo lẹ́tà rẹ̀, ó gbé fóònù jáde nínú àpò. "Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Mo fẹ́ pe ẹnì kan."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Zhivka ṣí lẹ́tà tirẹ̀, èyí tí kò tíì lè kà.

"Zhivka, ìyàwó mi. Wọ́n ní kí n máa lọ. Má jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kọjá. Ata tí o sè kò jiná, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́. Má bá wọn jà nítorí mi. Ìwọ ló jàre."

Ó mọ ibi tí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ti wá. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀, ọ̀kan náà tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí ìdérí ìgò rẹ̀ bàjẹ́ ni. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n nídìí àga bí ọmọ ilé ìwé.

Lẹ́yìn náà, ó bọ́ fìlà ọkọ rẹ̀, ó jáde sí àgbàlá. Ó tú martenitsa ọwọ́ rẹ̀, nítorí àkọ̀ ti dé, ó so ó bí àṣà mọ́ ẹ̀ka igi ìyeyè tó ti ń yọ òdòdó lẹ́bàá géètì. Ó gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Àkọ̀ ti padà sórí ìtẹ́, ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Zhivka mú fọ́ọ̀mù jáde, ó kọ ọ́ pé, "Ní ilé-iṣẹ́. Ó dúró," ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i gàdàgbà.

Nígbà tó ti di pé ọ̀lẹ ni lọ́dún yìí, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú oòrùn, láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ géètì. Zhivka dìde, ó sì sún sí ibi tí ògiri ti dí i.